Kí Ẹyin Ẹja Tó Pa, Kí Oúnjẹ Ti Wà Nílẹ̀

Bí aboyún bá ń retí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ bá ké ni a tó ń wá ọ̀já kiri. Ọ̀rọ̀ yìí kan ènìyàn, ó sì kan ẹja pẹ̀lú. Òun ni a fẹ́ rán àwọn tí ń sin ẹja òkun nínú àpótí dígí létí, pàápàá àwọn tí ó fẹ́ kí ẹja wọn bímọ nínú ilé.

Ẹja tí a ń wí ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní clownfish, èyíinì ni ẹja aláwàdà. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ara rẹ̀ dà bí ọsàn tí ó pọ́n, ó sì di àmùrè funfun mẹ́ta. Òun ni àwọn ọmọdé mọ̀ sí Nemo láti ọdún 2003 tí sinimá rẹ̀ ti jáde. Kò sí i nínú òkun Àtìláńtíìkì tí ó wà létí ilé wa. Òkun Íńdíà àti òkun Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ń gbé láàárín ọwọ́ ohun abẹ̀mí kan tí ó dà bí òdòdó, tí ń jó ẹja mìíràn bí èsìsì, ṣùgbọ́n tí kì í jó òun, nítorí omi yíyọ̀ tí ó bo ara rẹ̀.

Kí ni ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹja kékeré yìí fi tó ohun tí à ń kọ? Ìdí rẹ̀ ni pé inú òkun ni a ti ń kó èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú irú ẹja òkun tí ènìyàn ń sìn fún ẹwà. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn apẹja kan ní ilẹ̀ Filipíìnì ti ń fún májèlé sáyánáìdì sí ihò àpáta òkun, kí òòyì lè kọ́ ẹja, kí wọ́n sì rí i mú. Májèlé náà kò mọ ẹni tí a rán an sí: ó ń pa ẹja tí a kò wá, ó sì ń pa iyùn ààyè tí ó jẹ́ ilé fún gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹja aláwàdà wà lára ìwọ̀nba ẹja òkun tí ó ṣeé mú bímọ nínú ilé. Ní àwọn ọdún 1970 ni Martin Moe, ní Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ń tọ́ wọn dàgbà fún títà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tí a bá tọ́ nílé lè dá ọ̀kan sí nínú òkun.

Ìṣẹ̀dá ẹja yìí yani lẹ́nu. Akọ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń jẹ́. Èyí tí ó tóbi jù nínú agbo ni í di abo, èyí tí ó tẹ̀ lé e a sì di ọkọ rẹ̀. Bí abo bá kú, ọkọ a di abo, ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ a sì gorí oyè ọkọ. Hans Fricke àti ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà kọ ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní ọdún 1977. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ tọkọtaya kò ní láti wá akọ tàbí abo. Kí ó ra kékeré méjì tí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, kí ó sì mú sùúrù. Àwọn fúnra wọn ni yóò pín oyè. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kó abo méjì pọ̀, nítorí ọ̀kan lè pa èkejì.

Bí ara bá tù wọ́n, wọn yóò yé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin sára òkúta, tàbí sára àpáàdì tí a bá gbé sí ìsàlẹ̀ omi. Bàbá ni í ṣọ́ ẹyin. A máa fi lẹbẹ fẹ́ omi sí wọn, a sì máa ṣa èyí tí ó bàjẹ́ kúrò. Nígbà tí ojú ọmọ bá ń dán bí fàdákà nínú ẹyin, ó kù díẹ̀ nìyẹn. Bí omi bá gbóná níwọ̀n 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹyin a pa láàárín ọjọ́ 7 sí 10, lóru, lẹ́yìn tí a bá ti pa iná.

Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yọ̀. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa náà kò gùn ju nǹkan bí mìlímítà 4 lọ, oúnjẹ tí ó gbé wáyé nínú ara rẹ̀ kò sì ju ti ọjọ́ kan lọ. Ẹnu rẹ̀ kò gba oúnjẹ gbígbẹ tí ìyá rẹ̀ ń jẹ. Ohun alààyè tí ń mira nínú omi ni ó mọ̀ ní oúnjẹ. Rotifer ni orúkọ kòkòrò omi tí a ń fún un, tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. Rotifer náà kò sì lè wà láìjẹun: ewé omi tín-ín-tín, tí ń sọ omi di aláwọ̀ ewé, ni oúnjẹ tirẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti so kọ́ra. Ẹni tí ó fẹ́ tọ́ ẹja ní láti kọ́ bí a ti ń sin kòkòrò. Ẹni tí ó fẹ́ sin kòkòrò ní láti kọ́ bí a ti ń gbin ewé. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí ó rí ẹyin, òkú ọmọ ni yóò máa kó láàárín ọjọ́ 3 sí 5.

Bí oúnjẹ bá ti wà, kí a gbé àpáàdì ẹyin lọ sínú àpótí mìíràn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí yóò pa, nítorí ẹja ńlá a máa jẹ ọmọ. Kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi lẹ́bàá ẹyin dípò lẹbẹ bàbá. Kí a fi ohun dúdú bo ẹ̀gbẹ́ àpótí, kí iná má mọ́lẹ̀ jù, kí rotifer sì yí ọmọ ká. Kí a máa pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi lójoojúmọ́, nítorí ìgbẹ́ àti oúnjẹ tí ó rà a máa di májèlé. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kí a fi ọmọ Artemia kún un, ohun tí àwọn tí ń tọ́ ọmọ ẹja àrọ̀ nílẹ̀ wa náà mọ̀ dáadáa. Láàárín ọjọ́ 8 sí 14, ọmọ ẹja a bẹ̀rẹ̀ sí í di àmùrè funfun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni í tún kú ní àkókò yìí. Èyí tí ó bá la á já ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ní àyè fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè bi ẹni tí ń ta ẹja léèrè ibi tí a ti bí i, kí ó sì kọ èyí tí a fi májèlé mú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní sùúrù, ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí ẹja. Lórí ewé omi ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.