Ìbọn Wo Ni Ọdẹ Titun Yóò Kọ́kọ́ Rà?

Bí a bá tọ àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa lọ, àwọn ọmọ Ògún Lákáayé tí òru igbó kò ṣe àjèjì sí, tí a sì bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe yan ìbọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kọ́ èjìká, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ẹ̀rín dá wa lóhùn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò yan ohunkóhun: ìbọn baba ni ọmọ jogún, tàbí kí alágbẹ̀dẹ àdúgbò rọ ṣakabùlà kan fún un, òun náà ni yóò sì máa gbé kiri títí ọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ayé kò dúró sójú kan. Ọmọ Yorùbá tí ó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé lónìí, tí ó wù ú láti kọ́ bí a ti í yìnbọn sí àmì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ọdẹ àwọn baba rẹ̀ ń ru sókè nínú rẹ̀, lè wọ inú ṣọ́ọ̀bù kan kí ó bá ìbọn lára ògiri láti òkè dé ilẹ̀, kí gbogbo wọn máa dán yinrin, kí ojú rẹ̀ sì dàrú. Ìmọ̀ràn tí mo ní fún un kò gùn: kí ó ra èyí tí ó kéré, tí ó bá a lára mu, tí ọta rẹ̀ kò sì wọ́n débi tí yóò fi máa ṣahun sí ìdánrawò. Àlàyé rẹ̀ ni ó gùn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ráífù sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìbọn tí ojú wa mọ̀. Inú ihò ṣakabùlà ń dán ni, kò sí fínfín kankan níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni ọdẹ ń gbà bu ẹ̀tù sí i, tí yóò fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, tí yóò sì da àwọn wóró irin lé e lórí, bí ó bá sì yìn ín, àwọn wóró náà yóò fọ́n ká lójú ọ̀nà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀yà tí ó ń sáré kọjá nítòsí kò fi ní rí ibi sá sí. Ìbọn ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì tí ń lo katiríìjì, ọmọ ìyá ṣakabùlà ni wọ́n ní ti èyí. Ráífù kò rí bẹ́ẹ̀. A fín inú ihò rẹ̀ yípo-yípo láti ìdí dé ẹnu, ọta kan ṣoṣo ni ó sì ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan. Àwọn fínfín wọ̀nyí ni wọ́n ń mú kí ọta náà máa yí bírí-bírí bí ó ti ń lọ, yíyí yìí ni kì í sì í jẹ́ kí ó yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ohun tí ó dúró sójú kan lọ́ọ̀ọ́kán ni a ṣe ráífù fún; ẹni tí ó bá fẹ́ máa yìnbọn sí ẹyẹ tí ń fò, kí ó padà sọ́dọ̀ ìbọn oníkatiríìjì.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ ẹni titun ni pé ohùn ìbọn ni ó ń rà. Ó ti gbọ́ ìròyìn àjànàkú tí í mi igbó kìjikìji, ó sì fẹ́ ìbọn tí ó lè dá a dúró, bẹ́ẹ̀ ehoro ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Àwọn àgbà ti wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nọ́ńbà tí a ń kọ sára ìbọn, bíi .22, .243 tàbí .308, bí ọta rẹ̀ ti fẹ̀ tó ní ínṣì ni ó ń sọ fún wa. Ọta .30-06, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà wọlé ní ọdún 1906, ti pa ẹran ńlá láìmọye, àwọn ọdẹ sì ń lò ó títí di òní, ṣùgbọ́n bí ọta náà ti ń lọ síwájú ni ìdí ìbọn ń kọlu èjìká ẹni tí ó yìn ín. Ara tí kò tíì mọ iṣẹ́ kì í pẹ́ kó ẹ̀rù irú ìkọlù bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́ ojú a máa pa dé kí ìbọn tó dún, èjìká a sì ti máa fà sẹ́yìn kí ìka tó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ọta a wá gba ibi tí ó wù ú lọ. Àṣà yìí rọrùn láti kó, ó sì ṣòro láti fi sílẹ̀. Ènìyàn wà tí ó ń pààrọ̀ ìbọn léraléra, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rù inú èjìká rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wá nǹkan ṣe sí.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé .22 ni kí àkọ́bẹ̀rẹ̀ mú, irú èyí tí a ń pè ní .22 Long Rifle. Ilé-iṣẹ́ Stevens ní Amẹ́ríkà ni ó gbé ọta náà jáde ní 1887, díẹ̀ sì ni ọta tí ó gbajúmọ̀ tó o láyé títí di òní. Orí òjé rẹ̀ kò wúwo tó gíráàmù 3, kì í ta èjìká, iye owó tí a ó fi ra ọta ńlá mélòó kan ni a sì lè fi ra odindi páálí rẹ̀, tí 50 ọta wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ìbọn ńlá yóò yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún, yóò ṣírò owó, yóò sì lọ sílé. Ẹni tí ó ra .22 yóò yìn ín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bí ọwọ́ sì ti ń mọ iṣẹ́ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Nínú eré Òlíḿpíìkì, .22 ni àwọn ọ̀jáfáfá ń yìn láti 50 mítà, ní ìkúnlẹ̀, ní ìdọ̀bálẹ̀ àti ní ìdúró, sí àmì tí òbìrí àárín rẹ̀ tí ń gba máàkì 10 kò fẹ̀ ju mílímítà 10.4 lọ. Ọdẹ tí ó bá sì mọ̀ ọ́n lò yóò fi pa ehoro àti ọ̀kẹ́rẹ́ láìba ẹran jẹ́.

Bí ìbọn ṣe ń gba ọta ni ó kàn. Ọ̀kan wà tí a ń fi ọwọ́ fa irin ìdí rẹ̀ sẹ́yìn kí èèpo idẹ lè já bọ́, tí a ó sì tún tì í síwájú kí ọta mìíràn lè wọlé; òmíràn wà tí ń kì ara rẹ̀, tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ìka nìkan ni ó kù. Ruger 10/22, tí ó jáde ní 1964 tí ó sì ń gba ọta 10, jẹ́ olókìkí láàárín àwọn tí ń kì ara wọn, n kò sì ní bú u, nítorí ìbọn tí ó ṣeé gbọ́kàn lé ni. Síbẹ̀, èyí tí ọwọ́ ń fà ni n ó ní kí ọmọ mi rà. Ẹni tí ó mọ̀ pé mẹ́sàn-án ń dúró lẹ́yìn ọta tí òun fẹ́ yìn kì í fi gbogbo ọkàn yin èyí àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fa irin kí ó tó tún yìn yóò mí kanlẹ̀, yóò wo ibi tí ọta rẹ̀ bà, yóò sì ronú. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dùn sí, tí ọ̀pọ̀ olùrà kò sì bìkítà fún, ni ìbáramu ìbọn àti ẹni tí yóò lò ó. Gígùn láti ìdí ìbọn dé ibi tí ìka ń fà kò gbọdọ̀ ju apá ẹni lọ: bí ó bá gùn jù, ènìyàn yóò máa na ọrùn, bí ó bá kúrú jù, àtàǹpàkò rẹ̀ yóò máa gbá a nímú. Kí olùrà bẹ olùtajà kí ó fi hàn án pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí òun náà tún fi ojú ara rẹ̀ wò ó, kí ó wá di ojú, kí ó gbé ìbọn náà sí èjìká bí ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ó sì la ojú. Bí ojú rẹ̀ bá bọ́ sí ojú ìlà tí a fi ń fojú sùn láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá a kiri, ìbọn náà bá a mu nìyẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó dá a padà sí ara ògiri, ì báà jẹ́ pé ọba ni ó gbé e sílẹ̀. Ojú pàápàá ní olórí. Kí a pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ kí ó ku ihò kékeré láàárín, kí a gba ibẹ̀ wo igi kan lókèèrè, kí a sì máa di ojú kọ̀ọ̀kan: ojú tí igi náà kò sá fún ni ọ̀gá, èjìká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó sì yẹ kí ìbọn gbé. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gidigidi, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí ní ọlọ́wọ́ òsì láàárín wa ni a ti nà, tí a ti bá wí, títí tí ó fi gba ọwọ́ ọ̀tún; a lè yí ọwọ́ padà báyìí, ṣùgbọ́n ojú kò gbọ́ ìbáwí. Àwọn ìbọn tí a ṣe fún ọlọ́wọ́ òsì wà lórí àtẹ, kí ó má tijú láti béèrè.

Apátí, irin tí ìka ń fà, kò gbọdọ̀ máa ha, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fúyẹ́ débi tí èèmí lásán fi lè tú u. Ní ti awò tí a ń dè mọ́ orí ìbọn, ó dára, èyí tí ó bá sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́rin sì ti tó. Ṣùgbọ́n n ó fẹ́ kí ẹni titun kọ́kọ́ fi irin àfojúsùn tí ó bá ìbọn wá kọ́ iṣẹ́.

Àwọn baba wa pa á lówe pé ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun? N kò rí òfin ilé-ẹ̀kọ́ ìbọn kankan, láti Lọ́ńdọ̀nù dé Texas, tí ó ju òwe yìí lọ. Ọta .22 tí mo ń yìn bọ̀ láti òwúrọ̀ yìí, bí ó ti kéré tó nì, lè fò ju máìlì kan lọ, bí ó bá sì ba òkúta tàbí ojú omi, ó lè ta padà gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Nítorí náà òkìtì ilẹ̀ ni kí ó wà lẹ́yìn àmì, ìka kò sì gbọdọ̀ dé apátí kí ojú tó dá ohun tí a fẹ́ yìn mọ̀ dájú, àti ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọdẹ tí ó rí ewé tí ó mì tí ó sì yìn ín, ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń fi ṣe ẹran.

Ó ku òfin. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti 1959 ya ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta: ṣakabùlà àti àwọn mìíràn tí a ń kì láti ẹnu wà lọ́tọ̀; ìbọn oníkatiríìjì tí kì í kì ara rẹ̀ àti ráífù ọdẹ wà lọ́tọ̀; ìbọn ìléwọ́ àti ráífù ológun, irú èyí tí ọta rẹ̀ jẹ́ 7.62 mílímítà tàbí .303, jẹ́ èèwọ̀. Òfin náà kò gbà kí a fún ẹni tí kò tó ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí a ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5. Ó hàn pé àwọn tí ó kọ ọ́ mọ ọmọ aráyé. Kí a tó na kọ́bọ̀ kan, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni a ti í béèrè bóyá wọ́n ń fúnni ní ìwé lásìkò náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́pàá náà ni ó ń fúnni ní ìwé ọlọ́dún 5, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ ìdí tí ó múná dóko, tí wọ́n sì ti wá wo àpótí irin alágádágodo tí ìbọn yóò máa gbé; òfin 1988 sì ti gba ráífù tí ń kì ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ aráàlú níbẹ̀, àfi .22 yìí nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 18 lè ra ráífù lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó ní ìwé àṣẹ, bí àyẹ̀wò ìjọba àpapọ̀ kò bá rí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ wa tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àlejò ṣọ́ra: òfin kò gbà fún un láti ní ìbọn, àyàfi bí ó bá ní ìwé àṣẹ ọdẹ tàbí ọ̀kan nínú àwọn ìyọ̀ǹda díẹ̀ tí a kà sílẹ̀.

Bí ìbọn bá ti délé, kí olówó rẹ̀ ra páálí kọ̀ọ̀kan lára oríṣi ọta bíi mélòó kan, kí ó yin márùn-ún márùn-ún nínú wọn láti 50 mítà, kí ó sì wo èyí tí ihò rẹ̀ sún mọ́ra jù, nítorí pé ìbọn méjì tí a ṣe lọ́jọ́ kan náà kì í fẹ́ràn ọta kan náà. Bí ó bá pẹ́, ọkàn rẹ̀ yóò fà sí àgbọ̀nrín, .22 kò sì tó àgbọ̀nrín. Ní England àti Wales, Òfin Àgbọ̀nrín ti 1991 kò gba ọta tí kò tó .240, àfi fún àwọn irú kéékèèké méjì kan; .243, tí Winchester gbé jáde ní 1955 tí kì í sì í ta èjìká púpọ̀, ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ibẹ̀ ń mú ṣe ìbọn kejì. Òfin yìí kan náà kò gbà kí a yìnbọn sí àgbọ̀nrín láti wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ títí di wákàtí kan kí ó tó là, nítorí náà ọdẹ tí ó kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ àtùpà iwájú orí nínú igbó ilé yóò ní láti tún iṣẹ́ náà kọ́ ní ojúmọmọ.