Àlàfo kan péré nínú orúkọ lè pa odidi dísìkì rẹ́

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, ilé iṣẹ́ Apple ní Amẹ́ríkà gbé ètò orin iTunes 2 jáde fún kọ̀ǹpútà Mac. Kò pẹ́ tí ariwo fi ta: àwọn kan gbé e sórí kọ̀ǹpútà wọn, ohun tí wọ́n ti tọ́jú sínú dísìkì sì pòórá. Kíá ni Apple fà á sẹ́yìn, wọ́n fi iTunes 2.0.1 rọ́pò rẹ̀.

Kí ló fà á? Àlàfo inú orúkọ ni.

Ìwé àṣẹ kékeré kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní shell script, ni wọ́n rán pé kó kọ́kọ́ pa iTunes àtijọ́ rẹ́. Kó tó débẹ̀, ó ní láti mọ ọ̀nà: orúkọ dísìkì, àpò tó wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà fáìlì fúnra rẹ̀. Bí a ṣe ń júwe ilé fún àlejò náà ni: ìlú, àdúgbò, agboolé, yàrá.

Lójú shell, àlàfo ni ààlà láàárín orúkọ kan àti èkejì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ní dísìkì méjì, ọ̀kan ń jẹ́ Oja, èkejì ń jẹ́ Oja Ketu. Wọ́n rán àṣẹ náà lọ sínú Oja Ketu, ó kà á sí orúkọ méjì. Ó dé ọ̀dọ̀ Oja, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àmì àyọlò ni ìwé àṣẹ náà ṣaláìní. Bí a bá fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀nà náà, báyìí: "Oja Ketu", ó dà bí okùn tí a fi di ẹrù, gbogbo rẹ̀ á di ẹyọ kan.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ìwé gbèsè yín wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ má fi àlàfo sáàárín orúkọ fáìlì. Ẹ kọ ọ́ báyìí: gbese-oja-2024. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí clé USB kí ẹ tó gbé ètò tuntun wọlé. Bí ọmọ yín bá ń kọ irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó kọ́kọ́ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà to orúkọ ohun tó fẹ́ parẹ́ síta, kí ó kà á, kó tó pàṣẹ.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Fáìlì náà ń fẹ́ irú ìwòye bẹ́ẹ̀.