Ara Tí Ń Sú Tí A Kò Rí Ohun Tí Ó Fà Á

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹ̀ẹ̀kan ni èsìsì ń jó ènìyàn, nítorí ẹni tí ó bá ti fara kàn án rí yóò yà fún un nínú oko. Ṣùgbọ́n àìsàn kan ń bẹ tí ó jọ ìjóni èsìsì, tí kì í sì í fi ẹni tí ó bá mú sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ara a sú, a wú bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ, a sì máa yún kíkankíkan. Kí ọjọ́ kejì tó pé, èyí tí ó wú ti pòórá láì fi àpá sílẹ̀, òmíràn a sì yọ sí ibòmíràn. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, tí a kò sì rí ohun kan pàtó tí ó fà á, òun ni àìsàn tí a ń wí yìí.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa, ìbáà ṣe Ìlá Ọ̀ràngún tàbí Ọ̀kè-Ìlá, ẹnìkan yóò wí pé ẹyin ni, ẹlòmíràn yóò wí pé ẹja ni, òmíràn a sì di ẹ̀bi náà ru ìyálé tàbí ìyá ọkọ. Báyìí ni a ó máa gba oúnjẹ lọ́wọ́ aláìsàn títí yóò fi rù, tí ìjà yóò sì wọ ilé.

A fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kéékèèké ń bẹ lábẹ́ awọ wa tí wọ́n ń tọ́jú oje kan tí a ń pè ní histamine. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, awọ a wú, a sì máa yún. Ní ọdún 1993, àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé, lára àwọn kan nínú àwọn aláìsàn wọ̀nyí, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tiwọn gan-an ni ó ń ru àwọn ẹ̀ṣọ́ náà sókè. Ìdí nìyí tí a fi ń wá ọ̀tá lóde tí a kò rí i. Kì í ran ẹlòmíràn: ìyá tí ó ní i lè pọn ọmọ rẹ̀, kí ó sì bá ará ilé jẹun nínú àwo kan.

Oògùn tí a kọ́kọ́ ń lò ni cetirizine tàbí loratadine. Ojoojúmọ́ ni a ń lò ó gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ti wí, kì í ṣe ìgbà tí ara bá yún nìkan. Ẹni tí ó dúró de òjò kí ó tó bo ilé, omi yóò ti wọlé. Bí kò bá tó, dókítà lè fi kún un títí dé ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a ṣe. Aspirin, ibuprofen àti diclofenac a máa mú un le sí i lára àwọn mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ooru, aṣọ fífún, àti ọtí pẹ̀lú, ìbáà ṣe ẹmu tí a fi mọ Ìlá. Kí a má sì ṣe máa lo prednisolone fún ìgbà pípẹ́ láìsí àṣẹ dókítà.

Bí ahọ́n tàbí ọ̀nà ọ̀fun bá wú, tí èémí kò já gaara, tàbí tí òyì ń kọ́ni, ẹ má ṣe dúró di òwúrọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí oògùn kò bá ràn lọ́wọ́, kí ó tọ àwọn oníṣègùn awọ ara lọ ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀, àìsàn yìí a máa lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún 1 sí 5. Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, ẹ fún aláìsàn ní oògùn rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyálé àti ìyá ọkọ sinmi.