Àrokò Inú Ẹ̀jẹ̀: Nọ́ọ̀sì Agbègbè Pobè àti Ìmọ̀ Hòmóònù

Ìpele mẹ́ta ni ètò ìlera ilẹ̀ Benin pín sí. Ilé ìwòsàn ńlá Hubert Koutoukou Maga ní Kútọnu wà lókè, àwọn ilé ìwòsàn ẹkùn, bí èyí tó wà ní Àjàṣẹ́ fún Ouémé àti Plateau, tẹ̀ lé e, agbègbè ìlera 34 sì wà nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń kọ́kọ́ rí ìtọ́jú. Ní Plateau, Pobè, Kétou àti Adja-Ouèrè jọ wà ní agbègbè kan. Sakété àti Ifangni wà ní òmíràn. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ìlú ńlá ni a ti sábà máa ń rí dókítà tó fi àìsàn hòmóònù ṣe iṣẹ́ àkànṣe, nọ́ọ̀sì ló máa ń kọ́kọ́ fojú kan irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní Plateau, ohun tó bá sì rí ló máa ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́.

Hòmóònù ni èròjà tí kókó kan nínú ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tààrà, kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé e lọ sọ fún ẹ̀yà ara mìíràn pé kí ó ṣiṣẹ́ tàbí kí ó dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1902, William Bayliss àti Ernest Starling fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé bí omi kíkan bá kan ìfun kékeré, ìfun náà a tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí pancréas, kókó gígùn tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, da omi rẹ̀ sílẹ̀ fún oúnjẹ, bí wọ́n tilẹ̀ ti gé àwọn iṣan tó ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní 1905 ni Starling mú orúkọ hòmóònù wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí kí a ta nǹkan jí. Yorùbá ti ní ohun tó ṣàlàyé rẹ̀ ju ìyẹn lọ: àrokò. Ẹni tó gbé àrokò lè la ìlú mẹ́wàá kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò dìde ṣe ohun tó wí. Bẹ́ẹ̀ ni hòmóònù ń kọjá lára gbogbo ẹ̀yà ara, tó sì jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tó ní ohun tí a fi ń gbà á nìkan ló ń dá a lóhùn.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n á há orúkọ àwọn kókó náà sórí lédè Faransé, láìwo bí èsì ṣe ń padà. Hypophyse, kókó bíi hóró ẹ̀wà tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, ló ń pàṣẹ fún thyroïde, kókó iwájú ọrùn. Bí hòmóònù thyroïde bá sì ti tó nínú ẹ̀jẹ̀, òun ni yóò padà lọ sọ fún hypophyse pé kí ó rọra. Áyódínì inú oúnjẹ ni thyroïde fi ń ṣiṣẹ́. Bí áyódínì bá ṣọ̀wọ́n, tàbí tí gbágùúdá tí a kò rẹ dáadáa bá ń dí i lọ́nà, hòmóònù kò ní tó, èsì kò ní padà, hypophyse kò sì ní yéé pàṣẹ, títí thyroïde yóò fi wú. Gẹ̀gẹ̀ nìyẹn. Wíwú rẹ̀ kò wá túmọ̀ sí pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Nọ́ọ̀sì ní láti wo bóyá òtútù ń mú aláìsàn nínú oòrùn, tí ọkàn rẹ̀ ń lù díẹ̀díẹ̀, nítorí pé hòmóònù kò tó, tàbí bóyá ó ń làágùn, tí ó ń rù, tí ọkàn rẹ̀ sì ń sáré, nítorí pé ó pọ̀ jù.

Nínú yàrá ìbímọ, èsì kì í dẹ́kun àṣẹ, ńṣe ló ń kún un. Orí ọmọ tó ń tẹ ọrùn ilé-ọmọ ń mú kí hòmóònù tí ń jẹ́ ocytocine jáde, ocytocine ń mú kí ilé-ọmọ fún pọ̀, orí ọmọ á sì tún tẹ̀ ẹ́ sí i, títí ọmọ yóò fi bọ́. Ocytocine yìí kan náà ni a ń gún fún ìyá lẹ́yìn ìbí, ìwọ̀n 10 UI, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya, ooru sì máa ń ba abẹ́rẹ́ náà jẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ya púpọ̀, hypophyse fúnra rẹ̀ lè kú díẹ̀. Ìyá tí ọmú rẹ̀ kò sun wàrà lẹ́yìn irú ìbí bẹ́ẹ̀ yẹ ní ẹni tí a ń fi ojú sí lára, kì í ṣe ẹni tí a ń bá wí.

Ní ti àtọ̀gbẹ, tí òun náà jẹ́ àìsàn hòmóònù, ààlà ilẹ̀ tún dá ìṣòro tirẹ̀ sílẹ̀. Giráàmù nínú lítà kan ni wọ́n fi ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní Benin, tó fi jẹ́ pé 1.26 láìtíì jẹun ni ibi tí a ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó bá ti Nàìjíríà wá, ohun kan náà lè jẹ́ 126 (mg/dL) tàbí 7.0 (mmol/L). Nọ́ọ̀sì tí kò mọ èyí lè rí 7 lórí ìwé aláìsàn tó ń ná ọjà òdìkejì ààlà, kí ó sì rò pé ẹ̀mí rẹ̀ ti fẹ́ bọ́.

Èyí tó farasin jù ni ti àwọn kókó méjì tó wà lórí kíndìnrín, tí ń ṣe cortisol, hòmóònù tí ara fi ń dúró nígbà ìnira. Dexamethasone tí wọ́n ń tà lójú pópó fún ẹni tó fẹ́ sanra, àti ìpara ìbóra tó ní clobetasol, ń ṣe bíi cortisol; hypophyse á gbà pé ó ti tó, àwọn kókó náà á sì sùn lọ. Bí ẹni náà bá dá a dúró lójijì, tí ibà tàbí iṣẹ́ abẹ sì dé bá a, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀, kí ó dákú, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ìdí rẹ̀, àfi bí nọ́ọ̀sì bá ti fara balẹ̀ bi í léèrè ohun tó ń gbé mì, ohun tó ń fi para, àti ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn.