Kòkòrò Pẹlẹbẹ Abẹ́ Èèpo Igi

Laemophloeidae ni orúkọ ìdílé àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín kan tó ń gbé lábẹ́ èèpo igi tó ti kú. Oríṣi wọn lé ní 400, kò sì sí ilẹ̀ tí wọn kò sí láyé, àfi ilẹ̀ yìnyín ìhà gúúsù. Síbẹ̀, ẹni tó mọ̀ wọ́n kò pọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò gùn ju mìlímítà 4 lọ. Inú ìdílé Cucujidae ni wọ́n ń kà wọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀.

Bí èèyàn bá ṣí èèpo igi jíjẹrà, yóò rí wọn ní pẹlẹbẹ, àfi bí ẹni pé wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n. Àlàfo tóóró tó wọn í gbà. Ìlà tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì àyà wọn, bí ìgbà tí wọ́n kọ ilà fún wọn. Òun ni a fi ń dá wọn mọ̀. Olú wẹ́wẹ́ tó ń hù lára igi ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ, àwọn mìíràn a sì máa pa kòkòrò tó ń lu igi jẹ.

Ìdin wọn ló yani lẹ́nu jù. Lọ́dún 2019, ní ìlú Raleigh ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ nípa kòkòrò kan, Matthew Bertone, kó ìdin Laemophloeus biguttatus lábẹ́ èèpo igi óákù kan, ló bá rí i pé wọ́n ń fò. Ìdin mà ni o, kì í ṣe tata! Ìdin náà á fi èékánná di ilẹ̀ mú, á tẹ ara bí ọrun tí ọdẹ fà. Bí ẹsẹ̀ bá ti já kúrò nílẹ̀, ó di òkè, á sì ká bí òrùka. Ojú lásán kò lè bá a, kámẹ́rà tó ń ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi mọ bó ṣe ń ṣe é. Ọdún 2022 ni Bertone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí náà jáde.

Nínú ìdílé yìí, ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Cryptolestes ni àwọn àgbẹ̀ ń bá pàdé. Àwọn wọ̀nyí ti kúrò lábẹ́ èèpo wá sínú àká, wọ́n sì wà nínú àgbàdo àti kòkó ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Wọn kò lè lu hóró tó pé. Ojú ibi tó là, tàbí ihò tí kòkòrò mìíràn ti dá sílẹ̀, ni wọ́n ń bá wọlé, ibi tí èhù yóò ti yọ ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ jẹ. Irú àgbàdo bẹ́ẹ̀, bí a bá gbìn ín, kò ní hù.