Wizkid ní Accra: Nígbà tí òǹwòran sanwó, tí wọ́n dúró, tí olórin kò yọjú

Ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn olólùfẹ́ Wizkid wọ́ lọ sí pápá ìṣeré ìlú Accra lórílẹ̀èdè Ghana láti wò ó lójúkojú. Wọ́n dúró títí. Alẹ́ di òru, òru ń lọ sí ìdájí, ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ sanwó kò gun orí ìtàgé.

Lẹ́yìn náà ni Wizkid tọrọ àforíjì. Àlàyé rẹ̀ ni pé ìṣòro wà lórí ààbò àti ètò ìtàgé, wọn kò sì rí i yanjú. Àforíjì yìí kò tu ọ̀pọ̀ nínú.

Ìbínú wọn yé èèyàn. Ọdún kan ṣáájú ni èrò kún gbọ̀ngàn O2 Arena ní London fọ́fọ́ fún alẹ́ mẹ́ta nítorí ọmọ Sùúrùlérè yìí, irú rẹ̀ ni àwọn ará Accra náà ń retí. Owó kò sì sí nílùú nígbà náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ọ̀wọ́ngógó ọjà ní Ghana ti kọjá ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá yọ owó tíkẹ́ẹ̀tì nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ti fi nǹkan mìíràn du ara rẹ̀. Oṣù Kejìlá sì ni àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà lókè òkun máa ń rọ́ wá sí Accra àti Èkó, tí owó bàálù àti owó hòtẹ́ẹ̀lì á ti gbówó lórí. Bí wọ́n bá tiẹ̀ dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà, ta ni yóò dá ti bàálù padà?

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ ààbò sẹ́yìn. Pápá ìṣeré yìí kan náà ni èèyàn 126 ti kú lọ́jọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2001, nígbà tí ọlọ́pàá yin tajútajú lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Hearts of Oak àti Asante Kotoko, tí èrò sì ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà jáde. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn ti Wizkid, èrò ya ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn tí Asake ti ń kọrin ní Brixton, ní London. Eré náà kò parí. Èèyàn méjì bá a lọ, òṣìṣẹ́ ààbò sì ni ọ̀kan nínú wọn.

Nítorí náà, olórin lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ bí ibi eré kò bá dára tó. Ìgbà wo ni wọ́n mọ̀, ìgbà wo ni wọ́n sì sọ fún ẹni tó sanwó? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó gbọ́ ní ago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò ní kúrò nílé. Ẹni tó gbọ́ lọ́jọ́ kejì ti sùn sórí àga pápá.

Ní Èkó, àìsọ̀rọ̀ lásìkò yìí ti di bárakú. Ìdájí ọjọ́ 2 oṣù Kínní ọdún 2023 ni Burna Boy tó bọ́ sórí ìtàgé fún eré tó yẹ kó fi ṣe ọjọ́ ọdún tuntun. Àwọn òǹwòran náà ti wá gbọ́n: tí tíkẹ́ẹ̀tì bá ní ago méje, wọ́n á jáde nílé ní mọ́kànlá. Olórin mọ̀ pé wọn ò ní tètè dé, òun náà ò kánjú. Ẹni tí ìyà rẹ̀ ń jẹ ni ẹni tí kò ní mọ́tò, tó dé lásìkò, tó sì ní iṣẹ́ láàárọ̀.

Òfin wà fún un ní Nàìjíríà. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ tó sanwó fún lásìkò, kí wọ́n sì tètè sọ fún un bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá wà. Ẹ̀rí ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní rìsíìtì nínú ímeèlì rẹ̀. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́nu géètì kò ní ju okùn pélébé tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ lọ.