Ìmọ́lẹ̀ Tí Ń Tú Àṣírí Omi

Bí iyọ̀ bá ta sínú iná, ọwọ́ iná a di pupa rúsúrúsú. Sódíọ̀mù inú iyọ̀ ni ó fà á. Ní 1860, Bunsen àti Kirchhoff ní ilẹ̀ Jámánì fi hàn pé, bí ilà ojú ti ń fi ìdílé hàn, bẹ́ẹ̀ ni ìlà àwọ̀ ń fi èròjà hàn. Lórí èyí ni ẹ̀kọ́ spectroscopy dúró.

Ìmọ́lẹ̀ tí èròjà ń tàn nígbà tí ó bá gbóná, irú rẹ̀ náà ni í gbé mì. Ní 1955, Alan Walsh ní Australia fi ọgbọ́n yìí wọn irin: a ó fín omi sínú iná, a ó tan ìmọ́lẹ̀ òjé là á kọjá; bí èyí tí ó dín bá ti pọ̀ tó ni òjé inú omi náà pọ̀ tó.

Láti Ìkẹjà dé Abúlé Ẹ̀gbá, ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé fara kanra, ọ̀pọ̀ sì ń lo omi kànga. Ojú lásán kò lè rí òjé inú omi. Ní Zamfara ní 2010, òjé láti inú ìwakùsà góòlù pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi kan.

Nítorí náà, mímọ́ gaara nìkan kò tó ní ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí a yẹ omi wò kí a tó fún ọmọ mu.